Ojú Ń Tì Mí! Ṣé O Mọ̀?

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá sọ pé "ojú ń tì mí," ìwọ kọ́ lo ṣe ohunkóhun nínú gbólóhùn yẹn? Ojú ló ń ṣe é, ìwọ ni wọ́n ń ṣe é sí, bí ebi ṣe ń pani tí òùngbẹ sì ń gbẹni.

Kò tán síbẹ̀ o. Nílẹ̀ Ìgbò, "ihere na-eme m" ni wọ́n ń wí: ìtìjú fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lára èèyàn. Hausa ní "ina jin kunya," ọ̀rọ̀ kan náà tó fi ń gbọ́ ariwo ọjà ló fi ń gbọ́ ìtìjú! Ẹni tó ń sọ Swahili ń fojú rí tirẹ̀, "naona aibu." Ẹni tó ń sọ Pidgin ní Èkó ń sá fún un, ṣùgbọ́n ó bá a: "shame dey catch me."

Ta ló wá gbégbá orókè? Akan ní Gánà ni. "M'ani awu" ni tiwọn, ìyẹn ni pé ojú mi ti kú. Tiwa ṣì sàn, ó kàn tì ni.

Gbọ́ èyí ná. Láàárọ̀, à ń gbàdúrà pé "Olúwa, má jẹ́ kí ojú ó tì wá." Kó tó dọ̀sán, kọ̀ǹdọ́kítọ̀ dánfó ti di ṣéńjì wa mọ́wọ́, a ti ń pariwo mọ́ ọn pé "Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́!" Ohun tí a bẹ Ọlọ́run pé kó má kàn wá ni a fi ń bú ẹni tí kò kàn. Bí o bá rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń ṣe irú èyí, jọ̀wọ́, tọ́jú rẹ̀ fún mi.

Àní a fi í sọ ọmọ lórúkọ! Ojútaláyọ̀: ojú ti àwọn tó fẹ́ fi wá yọ̀. Ojútikú sì ńkọ́? Ikú tí kò mojú ọba, ìkókó kan ṣoṣo ló dójú tì í.

Ṣé ojú ti gbà ọ́ tì rí? Ó dájú pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ. O wà lóde ìgbéyàwó, ẹ̀gbọ́n kan já máìkì gbà lọ́wọ́ alága, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ohùn ń lọ sápá ọ̀tún, ìlù ń lọ sápá òsì. Òun ń rẹ́rìn-ín, ó tún ń béèrè bóyá ẹ ń gbádùn rẹ̀. Ìwọ tó jókòó jẹ́jẹ́ nídìí ìrẹsì rẹ ni kò lè gbójú sókè.

Jámánì lórúkọ fún ojú tó ń gbani tì yìí: Fremdscham. Spain ń pè é ní "vergüenza ajena," Brazil ń pè é ní "vergonha alheia," Finland ń pè é ní "myötähäpeä." Lọ́dún 2010, Austria tilẹ̀ fi "fremdschämen" ṣe ọ̀rọ̀ ọdún náà! Kí wọ́n ti bi wá.

Ṣọ́ra ní Kúbà o! Bí ojú bá ń tì ọ́, tí o wá yí "embarrassed" àwọn Gẹ̀ẹ́sì padà sí "embarazada" ti èdè Spáníìṣì, ohun tí o kéde fún gbogbo ilé ni pé o ti lóyún. Ọkùnrin tó bá sọ ọ́ ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù.

"Me da pena" lo yẹ kí o wí ní Kúbà. Ṣùgbọ́n má gbé e dé Spain, torí wọ́n á bi ọ́ pé kí ló bà ọ́ nínú jẹ́: "pena" tiwọn, ìbànújẹ́ ni.

Ṣé o mọ̀ pé nínú àṣà Hausa àtijọ́, ìyá kì í pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ ní gbangba? Kunya ni. Ọmọ tó wà nínú ikùn rẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí!

Tiwa wá gba ẹ̀yìn yọ. Ìyàwó ilé Yorùbá lè pe ọmọ bíbí inú rẹ̀ bó ṣe wù ú, ọmọ tó bá nílé ọkọ ni kò gbọdọ̀ pè lórúkọ. Ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rin tí ikun ń yọ nímú rẹ̀ lè máa jẹ́ "Ọkọ mi" tàbí "Ìbàdíàrán" lẹ́nu àgbàlagbà obìnrin.

Èwo ló tún kù? Ewéko tí ojú ń tì! Fọwọ́ kàn án, gbogbo ewé rẹ̀ á ká wọlé lójú ẹsẹ̀. Lọ́dún 1753, Linnaeus onímọ̀ ewéko sọ ọ́ ní Mimosa pudica, èdè Látìn tó túmọ̀ sí onítìjú. Malaysia pè é ní "semalu," Philippines pè é ní "makahiya," Hawaii pè é ní "pua hilahila." Ìtìjú, ìtìjú, ìtìjú.

Yorùbá ńkọ́? A ò bá ojú lọ rárá. Patanmọ́ la pè é, pa itan mọ́, àṣẹ tí ìyá ń pa fún ọmọbìnrin tó bá jókòó gbalaja níwájú àlejò. Èmi ò rò pé ẹnikẹ́ni lágbàáyé sọ ewé yìí lórúkọ tó dùn tó tiwa.

Patanmọ́ kò sì ní iṣan kankan tó fi ń ká! Omi ló ń sá kúrò nínú oríkèé kéékèèké tó wà nídìí ewé, ewé á sì wó lulẹ̀ bí omi bá ti lọ.

Ó ń yá sí i. Lọ́dún 2014, Monica Gagliano àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn jáde nípa àwọn patanmọ́ tí wọ́n gbìn sínú ìkòkò, tí wọ́n wá ń já sílẹ̀ léraléra láti ibi tí kò ga. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ká. Nígbà tí wọ́n rí i pé kò sí ewu níbẹ̀, wọn ò ká mọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n tún já wọn sílẹ̀, ẹ̀rù ò bà wọ́n. Ewé onítìjú ti dojú lílé!

Ọmọ ọwọ́ kì í tijú, ṣé o kíyè sí i? Tú u síhòòhò níwájú ìjọ, ẹ̀rín ni yóò rín. Nígbà wo ni ojú wá ń bẹ̀rẹ̀ sí í tì wá gan-an? Lọ́dún 1972, Beulah Amsterdam fi àtíkè pupa kan àwọn ọmọdé nímú ní Amẹ́ríkà, ó sì gbé wọn síwájú dígí. Àwọn kéékèèké rò pé ọmọ mìíràn ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún méjì ló nawọ́ sí imú ara wọn. Àwọn kan sì wo ara wọn tán, wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́!

Michael Lewis àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e síwájú lọ́dún 1989: wọ́n yin àwọn ọmọ ní àyìnjù, wọ́n tún ní kí wọ́n jó. Àwọn ọmọ tó mọ ara wọn nínú dígí ni ojú tì jù. Dígí àti ijó, ta ló lè rò pé ọ̀kan náà ni?

Ajá ilé rẹ kò yege nínú ìdánwò dígí o. Ìnàkí yege lọ́wọ́ olùwádìí Gordon Gallup lọ́dún 1970. Erin kan tó ń jẹ́ Happy, ní ọgbà ẹranko Bronx ní New York, fọwọ́ ìjà rẹ̀ kan àmì funfun tí wọ́n yà sí orí rẹ̀; ọdún 2006 ni ìròyìn rẹ̀ jáde. Ẹyẹ kan tẹ̀ lé e lọ́dún 2008. Lọ́dún 2019 ni wọ́n wá ròyìn ẹja kékeré kan tó rí àmì lọ́rùn ara rẹ̀ nínú dígí, tó sì lọ fi ọ̀fun ra ilẹ̀ kí àmì náà lè kúrò. Ẹja!

Charles Darwin, bàbá ẹfolúṣọ̀n, kọ odidi orí kan nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1872 lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń di pupa nítorí ìtìjú. (Má pè é ní "ojú pọ́n" o, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ ìyà lọ́dọ̀ tiwa.) Ó ní nínú gbogbo ohun tí ojú ń ṣe, kò sí èyí tó jẹ́ ti ọmọ ènìyàn tó o.

Afọ́jú náà ń ṣe é! Laura Bridgman, ọmọ Amẹ́ríkà tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń pupa bí ojú bá tì í, Darwin sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò rí ẹni tó ń wò ó, síbẹ̀ ojú ń tì í.

Èyí tó tẹ̀ lé e kò pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn òyìnbó kan wà láyé ìgbà náà tí wọ́n ní aláwọ̀ dúdú àti ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kò ṣeé fọkàn tán, nítorí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kì í pupa. Darwin kọ lẹ́tà káàkiri láti wádìí, ó sì rí i pé gbogbo ènìyàn lojú ń tì, àwọ̀ ló ń bò ó. Ó tilẹ̀ sọ̀rọ̀ obìnrin dúdú kan tó ní àpá lójú: bí wọ́n bá ti jágbe mọ́ ọn, àpá náà nìkan á pupa.

Jẹ́ ká tún rẹ́rìn-ín. O ti rí ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n pè síwájú ìjọ lọ́jọ́ ìkórè àwọn ọmọdé pé kó wá ka àkọ́sórí. Bàtà tuntun ń dán, ọmọ ń lọ́ etí kaba rẹ̀ mọ́ ìka títí kaba fi gòkè dé orúnkún, ojú ń wo àjà, tíṣà ń fẹnu júwe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láti orí bẹ́ǹṣì iwájú. Ìjọ pàtẹ́wọ́ kó tó sọ ohunkóhun. Ọmọ sá bọ́ sílẹ̀.

Darwin ní àgbàlagbà kan wà tó ju ọmọ yẹn lọ! Wọ́n se àsè fún ọkùnrin onítìjú kan, ó dìde láti dúpẹ́. Ó ń ṣe bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ gidi, ó ń dánu dúró níbi tó yẹ, ṣùgbọ́n ohùn kankan ò jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀; gbogbo ibi tó bá ti dánu dúró ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ gbàgbàgbà. Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé òun rò pé ọ̀rọ̀ òun lọ dáadáa gan-an.

Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ ojú kan lè gbóná ju ìkejì lọ? Ní Ọsirélíà, Peter Drummond àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn èèyàn máa kọrin, ẹnìkan sì tẹjú mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ojú wọn. Ẹ̀jẹ̀ wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń wò! Ọdún 2004 ni ìròyìn yẹn jáde. Nítorí náà, nígbà tí ìyá rẹ ń sọ pé "ojú wọn ń jó mi lára," ó mọ ohun tó ń wí.

Ìtìjú ń tètè parí o. Olùwádìí Dacher Keltner wo fídíò àwọn tí ojú tì, ó rí i pé gbogbo rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún: ojú á wolẹ̀, ẹ̀rín á fẹ́ yọ, ètè á pa á mọ́, orí á yí sápá kan, ọwọ́ á gòkè lọ sójú. Gbìyànjú rẹ̀ lára àbúrò rẹ lónìí, bi í léèrè ẹni tó ń pè é lálaalẹ́.

Ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa lẹ́yìn tó ṣẹ̀ la máa ń tètè dárí jì! Àwọn olùwádìí ní Netherlands fi àwòrán ojú han àwọn èèyàn lọ́dún 2009, ojú tó pupa ló rí ojúure. Síbẹ̀, àwọn kan kórìíra pupa yìí débi pé wọ́n ń lọ jẹ́ kí dókítà gé iṣan kan nínú àyà wọn kó má bàa wáyé mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á tutù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òógùn tí kò rí ojú jáde mọ́ lè gba ẹ̀yìn àti ikùn tú jáde, kó rin aṣọ gbindin.

Lọ́dún 2000, wọ́n ròyìn bí wọ́n ṣe wọ ẹ̀wù pélébé fún akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cornell, àwòrán olórin Barry Manilow gbàǹgbà láyà rẹ̀, tí wọ́n sì tì í wọnú yàrá tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí. Báwo lo rò pé ó rí lára rẹ̀? Àwọn tó wọ ẹ̀wù yìí rò pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó wà níbẹ̀ ló rí àwòrán náà. Kò ju nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin lọ! Àwọn yòókù ń ro ẹ̀wù tiwọn, bóyá.

Ojú tí kì í ṣe ojú náà ń ṣiṣẹ́. Ní Yunifásítì Newcastle ní England, àpótí kan wà tí òṣìṣẹ́ ń jówó tíì àti mílíìkì sí láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ kan wọ́n lẹ àwòrán òdòdó mọ́ òkè rẹ̀, lọ́sẹ̀ kejì wọ́n lẹ àwòrán ojú méjì tó ń wo èèyàn. Lọ́sẹ̀ tí ojú bá wà níbẹ̀, owó tó ń wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta! Pépà lásán ni o. Ọdún 2006 ni wọ́n kéde rẹ̀, mo sì mọ ilé oúnjẹ tó yẹ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí.

Aáyán ńkọ́? Má rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1969, olùwádìí Robert Zajonc mú kí aáyán máa sá fún ìmọ́lẹ̀ iná, ó sì kó àwọn aáyán mìíràn sínú àpótí kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kí wọ́n máa wòran. Bí ọ̀nà bá lọ tààrà, aáyán tí wọ́n ń wò ń yára ju èyí tó dá wà lọ. Bí ọ̀nà bá ní kọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ń wò ló ń pẹ́. Onílù tó mọ ìlù ń mọ̀ ọ́n sí i lójú èrò, akọ́ṣẹ́ ń ju ọ̀pá nù; aáyán náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣé gbajúmọ̀ bọ́ níbẹ̀? Lọ́dún 1967, ní Central Park ní New York, olórin Barbra Streisand gbàgbé ọ̀rọ̀ orin níwájú èrò tó lé ní 100,000. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lẹ́yìn náà kó tó tún gbé orin lọ kọ láti ìlú dé ìlú, lọ́dún 1994! Ẹ̀rọ tó ń ṣí ọ̀rọ̀ orin síwájú rẹ̀ sì ń bẹ lórí ìtàgé.

Kí nìdí tí ohùn rẹ fi ń bí ọ nínú bí o bá gbọ́ ọ lórí fóònù? Nígbà tí o bá ń sọ̀rọ̀, egungun agbárí rẹ ń gbé apá kan ohùn náà wọ etí rẹ, ó ń jẹ́ kó ki létí ara rẹ. Fóònù ò ní egungun. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí o kórìíra yẹn ni gbogbo wa ti ń gbọ́ látọjọ́ yìí, a ò sì sọ nǹkan kan.

Fọ́tò náà ńkọ́? Lọ́dún 1977, wọ́n fi fọ́tò méjì han àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan bí wọ́n ṣe rí gan-an, èkejì ní àyípadà bí ti inú dígí. Àwọn fúnra wọn yàn ti dígí, ọ̀rẹ́ wọn yàn ti gidi. Ojú tí ìwọ fẹ́ràn yẹn, ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n!

Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́, o dúró, ẹnìkan wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ìtọ̀ sì kọ̀ jálẹ̀. Ìwọ nìkan kọ́ o! Láti 1954 ni àìsàn yìí ti ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀, àwọn tó ní in sì ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tò síbi ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà ìpàdé.

Àwọn obìnrin Jàpáàn ní tiwọn máa ń fi omi ṣòfò tẹ́lẹ̀: wọ́n á máa fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ léraléra kí ẹnikẹ́ni má bàa gbọ́ wọn. Lọ́dún 1988, iléeṣẹ́ Toto gbé àpótí kékeré kan jáde tó ń pariwo omi láìsí omi kankan. Orúkọ wo ni wọ́n sọ ọ́? Otohime, orúkọ ọmọbìnrin ọba òkun nínú àlọ́ wọn!

Jàpáàn kan náà ni dókítà Shoma Morita ti tọ́jú àwọn tí ẹ̀rù ojú èèyàn ń bà, irú ẹ̀rù tí wọ́n ń pè ní taijin kyofusho. Ohun tó yani lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ wọn kì í bẹ̀rù pé wọ́n á fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń bẹ̀rù pé ìwò ojú àwọn, tàbí òórùn ara àwọn, yóò ni ẹlòmíì lára!

Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo wọn rèé. Henry Cavendish ti London, ẹni tó kọ́kọ́ ṣàlàyé gáàsì háídírójìn lọ́dún 1766, tó sì fi irinṣẹ́ wọn ìwúwo ayé lọ́dún 1798, kò lè bá obìnrin sọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ jẹ ẹran àgùntàn lálẹ́, á kọ ọ́ sórí pépà, á fi í sórí tábìlì fún obìnrin tó ń tọ́jú ilé. Wọ́n ní lọ́jọ́ kan ló ṣèèṣì pàdé ọmọ-ọ̀dọ̀ kan lórí àtẹ̀gùn. Ṣé o mọ ohun tó ṣe? Ó pe kọ́lékọ́lé, ó ní kí wọ́n kọ́ àtẹ̀gùn mìíràn fún òun sẹ́yìn ilé!